Ẹyẹ Tí Mo Fi Òwú Hun

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, odó ẹyìn ló máa ń jí mi láràárọ̀. Ìyé, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá ẹni, á ti da ẹyìn tó sè sínú odó kí ojúmọ́ tó là dáadáa, ọmọ odó á sì máa dún gbì, gbì, gbì, títí ògiri yàrá wa á fi máa gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ Ìyé Àgbà, ìyá bàbá mi, tó máa ń gbá ojúde láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ títí dé ìdí igi ọsàn, tí á máa bá àwọn adìẹ jà bí ẹni pé ènìyàn ni wọ́n. Ilé wa ní Ìjù-Odò kò tóbi. Ilé alámọ̀ gígùn kan ni, tí wọ́n fi páànù bò. Bàbá, Ìyé àti àwa ọmọ wà ní apá ọ̀tún. Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré wà ní apá òsì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyé Àgbà wà ní yàrá ẹ̀yìn tó sún mọ́ ilé ìdáná, nítorí ó ní òtútù kì í jẹ́ kí òun sùn bí òun bá jìnnà sí iná. Èéfín kì í tán nínú ilé náà. Bí kò bá jẹ́ ti epo tí wọ́n ń sè, á jẹ́ ti púpurú tó wà lórí àjà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sódò, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì mọ ní roboto-roboto, tí á máa yáná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ á funfun báláú. Wọ́n á gún un, wọ́n á rò ó lórí iná, a ó sì fi ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ tí àwọn obìnrin Ìjọ, ẹ̀yà apẹja tó múlé gbè wá, gbé wá láti odò jẹ ẹ́. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn igi tútù tó ń jó níbikíbi, itọ́ á kọ́kọ́ yọ lẹ́nu mi, lẹ́yìn náà ara mi á wálẹ̀, màá sì máa wo ilẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí láwùjọ.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Obìnrin kan láti Oǹdó ló ń kọ́ wa níṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ti mú àdá, tí wọ́n lọ gé koríko pápá, àwa ọmọbìnrin á jókòó sábẹ́ igi, òun á sì máa kọ́ wa bí a ṣe ń hun òwú. Kò sí ẹni tó ní abẹ́rẹ́ ìhun gidi. Sípóòkù básíkùlù ni a fi ń hun nǹkan. Bàbá ló yọ tèmi lára básíkùlù àtijọ́ kan tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi ẹ̀mú gé e, ó sì jókòó sórí àpótí, ó ń ha ẹnu rẹ̀ lórí òkúta kí ó má baà gún mi lọ́wọ́. Olùkọ́ wa á ní, “Wọ inú ojú òwú, fa tuntun kọjá, jẹ́ kí ti àtijọ́ bọ́ sílẹ̀,” àwa náà á sì máa sọ ọ́ tẹ̀lé e bí ẹni ń kọ orin. Ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wúwo, òwú wọn ń lọ́ mọ́ra. Ọwọ́ tèmi yá. N kò mọ ohun mìíràn tí mo ṣe ní ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni yìn mí fún ṣáájú ìyẹn. Ìṣirò kò wọ orí mi, mi ò sì lè sáré. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú sípóòkù méjì yẹn dání, àwọn ọmọ tó jù mí lọ á fà sún mọ́ mi, wọ́n á ní, “Tọ́lá, bá mi tún tèmi ṣe.”

Bí Kérésìmesì ṣe ń sún mọ́lé, olùkọ́ kọ́ wa ní ẹyẹ. O hun aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, o ṣẹ́ ẹ po, o rán etí rẹ̀, o sì ki òwú àràbà sínú rẹ̀ kí ó lè yọkùn. O fi òwú pupa ṣe ẹnu, o fi èso wérénjéje méjì ṣe ojú. Lẹ́yìn náà, o fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó rọ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa yí i. Olùkọ́ ní àdàbà ni, irú èyí tó bà lé Olúwa lórí nígbà tó ṣe ìrìbọmi, àti pé nílé tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún nìyẹn, tí wọ́n sì ń fi í ta ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ olùkọ́, ó fún mi ní àjẹkù òwú tó kù nínú àpò rẹ̀. Mo wá ń hun ẹyẹ níbi gbogbo. Mò ń hun ún bí mo bá ń ṣọ́ púpurú lórí àjà, mò ń hun ún létí odò bí mo bá ń dúró de omi kí ó tòrò. Ìyé á pariwo pé ìhá tí a fi dáná ti ń jó tán lábẹ́ epo, mi ò ní gbọ́. Ìyé Àgbà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Fi í sílẹ̀. Ọwọ́ tí kò bá dilẹ̀ kì í jalè.”

Ọjọ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí wọ́n tó bu oúnjẹ, mo pín ẹyẹ mi. Bàbá so tirẹ̀ mọ́ ìṣó tó máa ń fi fìlà kọ́. Ìyé ní epo á ba tòun jẹ́ bí òun bá so ó síta, ló bá fi í sáàárín aṣọ rẹ̀ tó dára jù nínú àpótí. Bàbá Kékeré so tirẹ̀ mọ́ ọwọ́ básíkùlù rẹ̀, ó gùn ún yí ojúde ká, ẹyẹ náà ń fò, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ìyé Àgbà gbé tirẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí, ó ní, “Ọma mi, ìwọ lo ṣe èyí?” Bí àwa ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. Mo ní èmi ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti fún òun ní nǹkan tí kì í ṣe jíjẹ. Ìyàwó Bàbá Kékeré ni mo fún kẹ́yìn. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọmọ fẹ́ràn ìyàwó ilé lọ, nítorí òun ló ń dì mí lórí, kì í sì fà mí nírun. Ó ti lóyún kan tó wálẹ̀ rí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ kí òmíràn tó dúró. Lọ́dún yẹn, oyún náà ti yọ. Ó gba ẹyẹ, ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí wọ yàrá, ó ní, “Tọ́lá, bá mi hun kékeré kan sí i. Funfun ni kí o ṣe é. Ti ọmọ tó ń bọ̀ ni, kó lè máa wò ó bó bá dùbúlẹ̀.” Mo hun ún. Funfun gbogbo rẹ̀, àfi ẹnu àti ojú rẹ̀ tó pupa. Òun fúnra rẹ̀ ló gun orí àpótí, tó so ó mọ́ igi àjà lókè ibi tí ọmọ máa sùn sí. Èmi di àpótí mú.

Ọmọ dé nígbà ọyẹ́. Ọkùnrin ni, ó dúdú, igbe rẹ̀ le. Ìyá Ìyàwó ti Òde-Ìrèlè wá láti máa wẹ ọmọ. Obìnrin tó lágbára ni, ohùn rẹ̀ máa ń gba ilé kan, àmọ́ ó láàánú. Ó máa ń yọ ẹja inú àwo tirẹ̀ fún àwa ọmọdé. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé òun fúnra rẹ̀ ti sin ọmọ mélòó kan kí ó tó bí Ìyàwó tó sì dúró. Mo ń sọ èyí nítorí pé láti ìgbà tí mo ti di abiyamọ ni mi ò ti lè bínú sí i bó ṣe yẹ. Ọmọ náà kò tíì pẹ́ láyé tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ó kọ ọyàn. Bó bá mí, àyà rẹ̀ á wọnú, á sì máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ọbẹ̀ mu. Odó ẹyìn dákẹ́ nílé wa. Ìyé Àgbà gan-an kò bá adìẹ jà mọ́. Ìyá Ìyàwó ti máa ń lọ ìjọ aládùúrà nílùú tirẹ̀, ilé àdúrà wọn kan sì wà létí odò ní ọ̀dọ̀ wa. Ó pọn ọmọ, ó sáré lọ bá wòlíì ibẹ̀, bàbá arúgbó kan tí kì í wọ bàtà. Wòlíì gbàdúrà, ó ní òun rí ohun kan tó so rọ̀ lókè orí ọmọ, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi àti Ìyé ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde nígbà tí Ìyá Ìyàwó jáde láti yàrá wọn. Ó fi igi ìgbálẹ̀ gbé nǹkan kan síwájú bí ẹni gbé òkú ejò. Àwọn aládùúgbò ti ń tẹ̀ lé e, nítorí ó ti ń ké bọ̀ láti ilé àdúrà. Ó ní, “Ta ló ni ẹyẹ yìí?”

Mo dìde. Ọwọ́ mi funfun fún omi ẹ̀gẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí ni. Ẹ ò rí nǹkan, inú mi dùn. Mo ní, “Èmi ni, Màmá! Èmi ni mo hun ún!”

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn.

“Ìwọ lo fi ẹyẹ kọ́ sókè orí ọmọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kó lè máa wò ó ni.”

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí ọmọ máa wo ẹyẹ. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kí ẹyẹ máa wo ọmọ. Ọjọ́ orí mi ti gòkè kí n tó mọ̀ pé gbólóhùn kékeré yẹn ló sọ mí di ohun tí mo dà. Ìyá Ìyàwó sọ igi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ wo ojú ẹyẹ yìí, ẹ wo bó ṣe pupa!” Mo wo Ìyé. Ọ̀bẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà, Ìyàwó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà rẹ̀. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé òun ló ní kí n hun ún. Ó gbé ojú sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì wọlé.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá lóko. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́. Àgbà ìjọ ni, òun ló ń ka Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi. Bí tọkọtaya bá jà ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé, “Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹnìkejì.” Kódà bí ọmọdé méjì bá ja ìjà ọsàn, á jókòó, á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Mo dúró lábẹ́ igi ọsàn, ojú mi wà lọ́nà tó ń gbà bọ̀, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo ní bó bá dé, á ní kí wọ́n jẹ́ kí Tọ́lá sọ tirẹ̀. Ó dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ó gbọ́ ti Ìyá Ìyàwó. Ó wo àwọn èèyàn tó kún ojúde, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ara ìjọ rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan, kò tilẹ̀ wo apá ibi tí mo wà. Ó ní, “Ẹ kó wọn jọ. Ẹ sun wọ́n,” ó sì wọlé.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ kó wọn. Mo lọ láti yàrá dé yàrá, mo ń gba ẹ̀bùn mi padà lọ́wọ́ àwọn tí mo fún. Ìyé ṣí àpótí, ó fi etí aṣọ mú tirẹ̀ jáde. Bàbá Kékeré tú tirẹ̀ lára básíkùlù, ó jù ú sílẹ̀ níwájú mi, kò fẹ́ kí ọwọ́ wa kan ara wọn. Ti Bàbá àti ti Ìyàwó ti wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyé Àgbà, ó jókòó sórí ibùsùn, ẹyẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló rán ọ?”

“Bàbá ni.”

“Lọ sọ fún un pé mi ò fi sílẹ̀. Wọ́n ta mí lọ́rẹ ni. Bó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.”

Bàbá kò wá. Wọ́n da kẹrosíìnì sí àwọn yòókù, òwú àràbà sì gba iná fìrì, ó tán kí ènìyàn tó mí. Ohun tí ojú ń tì mí sí jù lọ lọ́jọ́ yẹn, tó ṣì ń tì mí sí, ni pé mo sunkún nítorí àwọn ẹyẹ náà, tí àwọn tó dúró yíká sì ń sọ láàárín ara wọn pé, “Ẹ rí i bí? Ó ń dùn ún.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lọ pọn omi, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ẹnìkan á na apá méjèèjì bí ẹyẹ, wọ́n á fọ́n ká, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọn kì í bẹ̀ mí mọ́ pé kí n bá àwọn tún iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Olùkọ́ wa ti lọ sílé fún ìsinmi, wọn ò sì dá a padà sọ́dọ̀ wa mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí àdàbà rẹ̀ dà. Ìyé kò nà mí, kò bú mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀ mí, ó di èjìká mi mú, ó ní, “Tọ́lá, wò mí lójú. Ṣé ẹnìkan ti fún ọ ní nǹkan jẹ rí? Àkàrà ni, ẹ̀pà ni, lójú ayé tàbí lójú àlá?” Mo ronú. Mo ní, “Ìyé, gbogbo ènìyàn ló ti fún mi ní nǹkan jẹ.” Ló bá jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó ń sunkún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá òótọ́ ni. Bí ìyá mi tó bí mi bá lè béèrè, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà lára mi tí èmi kò mọ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ wá abẹ́ apá mi wò bóyá ìyẹ́ ti ń hù níbẹ̀. Bí mo bá lálàá pé mo gòkè, ìbáà ṣe orí igi lásán, n kò ní lè jẹun láàárọ̀. Àwọn tó ń sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ni ojú ń tì kò tíì rí ọmọdé tí àwọn àgbà kóra jọ sí. Ìtìjú kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó wọlé. Mo ti bímọ, mo ti ní ọmọ-ọmọ ní Àkúrẹ́ tí mò ń gbé báyìí. Bí mo bá fẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ, ohun tí mo rà lọ́jà ni mò ń fún wọn, ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe.

Sísun tí wọ́n sun àwọn ẹyẹ kò mú kí ọmọ mí dáadáa. Nígbà tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, Bàbá Kékeré kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó já ọmọ gbà, ó ní kí Ìyàwó tẹ̀ lé òun, wọ́n sì bá lọ́rì tó ń kó igi gẹdú lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fún ọmọ lábẹ́rẹ́ léraléra, ara rẹ̀ yá, wọ́n gbé e padà wálé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ti kún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti tán nìyẹn. N kò mọ̀ pé ara ọmọ tó yá ló máa dá ẹjọ́ mi. Ìyá Ìyàwó ń sọ ọ́ kiri pé, “Ṣé ẹ ti rí i? Wọ́n sun ẹyẹ, ọmọ sì jí.” Ẹni tó ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ wá gbà á gbọ́. Bí ọmọ náà ṣe ń sanra tó ni èmi ń jẹ̀bi tó. Inú mi ń dùn bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú yàrá kejì, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Nígbà tó yá, Ìyá Ìyàwó ní kí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ilé àdúrà etí odò. Gbogbo ilé wa lọ. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a wọlé. Bàbá jókòó síwájú láàárín àwọn àgbà. Ìyé Àgbà mú èmi jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ó sì fi ọwọ́ lé mi nítan. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, àbẹ́là ń jó níwájú, mo sì ń gbàdúrà nínú pé kí wọ́n má dárúkọ mi. Ìyá Ìyàwó bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó ní, “Ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹyẹ, ẹ̀yin ará! Ẹyẹ ni wọ́n so mọ́ ọmọ mi lórí! Láti ọjọ́ tí iná ti jó o ni ọmọ ti ń mu ọyàn!” Halelúyà sọ. Àwọn orí sì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo fi ojú mi pamọ́ sórí itan Ìyé Àgbà.

Mo wá gbọ́ ohùn kan tó kéré. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.”

Ìyàwó ló dìde. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, “Kí lo sọ?”

“Mo ní kí ẹ dákẹ́, Màmá. Kì í ṣe ẹyẹ. Èmi ni mo ní kó hun ún. Ó ti fún mi ní ọ̀kan, mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó hun kékeré nítorí ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó. Ọmọ yìí kàn di àpótí mú kí n má baà ṣubú ni.” Ó tún ọ̀já ọmọ so. “Lọ́jọ́ tí ẹ ń bi í, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bóyá òótọ́ lẹ ń sọ, bóyá bí mo bá sọ̀rọ̀ ọmọ mi á kú. Ní ọsibítù, wọ́n sọ fún mi pé òtútù ló wọ ọmọ láyà. Mo gbọ́ ìyẹn náà, mo délé, mo tún dákẹ́. Mi ò lè ṣe é mọ́.”

Ó bọ́ sí àárín ìjókòó, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. Ó ní, “Tọ́lá, jọ̀ọ́, má bínú.” Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tó túmọ̀ sí pé kí ìyá ọmọ kúnlẹ̀ fún ọmọdé láwùjọ. Ó yẹ kí ara fúyẹ́ mi. Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ náà ni wọ́n sọ sí etí gbogbo ayé yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i lórí eékún, tí ọmọ náà ń yọjú wò mí láti ẹ̀yìn rẹ̀, ìtìjú tó bò mí ju ti ọjọ́ tí wọ́n pè mí ní àjẹ́ lọ. Ó ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Mo ní, “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde,” mo já ọwọ́ mi gbà, mo sì sá jáde. Ìyé Àgbà ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní wòlíì arúgbó náà dìde, ó ní òun kò dárúkọ ẹyẹ o, òun kò sì béèrè ohun tí wọ́n rí nílé, kí Ọlọ́run dárí ji òun. Ó ní Ìyá Ìyàwó jókòó sórí ilẹ̀ lásán, kò sì sí ẹni tó kọ orin mọ́.

Mo sá dé etí odò, ibi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Mo jókòó sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo sì mọ̀ pé ti Bàbá ni kí n tó wò. Ó ti gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà. Ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo omi. Èmi náà ń wo omi.

“Tọ́lá.”

“Sà.”

“Ojú ń tì mí.”

N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá kan rí, kì í ṣe tèmi nìkan. Ó ní, “Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé ẹlòmíràn, mo máa ń béèrè lẹ́nu ọmọ wọn. Mi ò bi ọ́. Mo mọ̀ pé òwú lásán ni. Mo wo àwọn èèyàn, ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ bà mí, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ láàárín wọn.” Ó gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ dànù. “Ìyàwó gbọ́n jù mí lọ. Ó kéré tán, ó ti sọ tirẹ̀ níwájú wọn. Èmi dúró kí obìnrin ṣe é fún mi.”

Mo ronú lórí ìyẹn. Àmọ́ ohun kan ló wà lọ́kàn mi, òun náà ni mo béèrè.

“Bàbá, ṣé èmi kì í fò?”

Ó yíjú sí mi. Láti ọjọ́ yẹn lábẹ́ igi ọsàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wo ojú mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “O kì í fò, ọmọ mi. O kò fò rí.”

Ó fà mí dìde. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà tó gba àárín ìlú kọjá, mo dúró kí ó ṣíwájú, nítorí ẹ̀yìn bàbá ni ọmọ ń rìn. Kò ṣíwájú. Ó ní, “Máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.” Àwọn èèyàn ti jáde láti ilé àdúrà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú wa. Wọ́n ń wo bàbá mi, àgbà ìjọ, láìwọ bàtà, tó ń tẹ̀ lé ọmọ kékeré bí ẹni tí wọ́n mú lọ síbi ẹjọ́. Ẹnìkan kí i, kò dáhùn. Mo tẹ orí mi ba, mo ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi nínú eruku. Ó ní láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ̀ mí, “Gbé orí sókè, Tọ́lá.” Mo gbé e sókè dé ibi tí agbára mi mọ.